Gíríìn tíì àti àyà tó ń súfèé

Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an tí eruku bo gbogbo páànù Ìbàdàn, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé páálí gíríìn tíì kan lé káńtà, ó gbé fóònù rẹ̀ lé e lórí. "Dókítà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." (Èmi kì í ṣe dókítà o. Àmọ́ ẹni tó bá ti dúró sẹ́yìn káńtà oògùn, dókítà ni.) Fídíò kan ló wà lórí fóònù náà. Ọkùnrin kan ń sọ níbẹ̀ pé gíríìn tíì ti ṣẹ́gun ásímà, pé àwọn oníwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pé àwọn tó ń ta ínhélà ni kò fẹ́ ká gbọ́. Ọmọ ìyá náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àyà rẹ̀ máa ń súfèé lóru. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: ṣé kí òun má wulẹ̀ ra ínhélà mọ́?

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n "rárá" nìkan kò tó, torí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú fídíò yẹn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Ó fi òótọ́ kan ṣe ìpìlẹ̀, ó wá kọ́ irọ́ lé e lórí, irú ìyẹn ló sì máa ń ṣòro wó jù. Mo máa tú u níbí bí mo ṣe tú u fún un, pẹ̀lú díẹ̀ tí n kò ráyè sọ lọ́jọ́ náà nítorí èrò tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú. Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tí a bá ti fi omi gbígbóná pò nínú kọ́ọ̀bù, tíì ni. Mílò, tíì ni. Bọnfítà, tíì ni. Bí ọmọ bá ní òun ti mu tíì àti búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ewé wo ló wà nínú rẹ̀. Ewé tíì tí a gbìn sẹ́yìnkùlé, tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba, tí a máa ń sè mọ́ àgbo ibà, koríko olóòórùn dídùn ni. Òun àti tíì kò tan rárá. Bẹ́ẹ̀ ni sóbò, bẹ́ẹ̀ ni mọ̀ríńgà. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ fọn, tó ń lé èèyàn lọ sí ṣáláńgá láàárọ̀, ewé tó ń ṣí ikùn ló sábà máa ń wà nínú tiẹ̀. Ìwádìí tí à ń sọ yìí kò kan ọ̀kankan nínú wọn.

Igi kan ṣoṣo ni tíì gidi. Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Agbègbè Ṣáínà ló ti wá, wọ́n sì ń gbìn ín ní orílẹ̀-èdè wa náà, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ara igi yìí kan náà ni tíì dúdú tí gbogbo wa ń pè ní Líptìn àti gíríìn tíì ti wá. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló fa ìyàtọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ obì rí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó kà á: ẹ gé obì funfun kan, ẹ fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí ojú ibi tí ẹ gé á fi pọ́n, tí á sì máa dúdú lọ. Afẹ́fẹ́ ló kan ohun kan nínú rẹ̀, tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Tíì dúdú, wọ́n á rún ewé rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí á fi ṣú. Gíríìn tíì, kíá ni wọ́n ń fi oru omi gbígbóná sè é tàbí kí wọ́n yan án, kí ìyípadà yẹn má baà ráyè. Ohun tó wà nínú ewé tútù á sì wà níbẹ̀.

Catechin ni wọ́n ń pe ohun náà. Òun ló ń mú ahọ́n gbẹ, tí ẹnu ń le koko, bí a bá mu gíríìn tíì láìfi ṣúgà sí i. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà nínú obì náà. Oríṣi mẹ́rin ló gbajúmọ̀ nínú tíì, EGCG ló sì pọ̀ jù, òun ni gbogbo oníwádìí ń lé kiri. Kọ́ọ̀bù kan lè ní bíi 50 sí 100 mílígíráàmù rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ bí ewé ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe pẹ́ tó nínú omi.

Ó wá ku àyà tó ń súfèé. Ẹ wo ọ̀nà èémí bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò: ìtí rẹ̀ ni ọ̀nà ńlá tó gba ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń pín wẹ́wẹ́ títí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Lára ọmọ tí ásímà rẹ̀ jẹ́ ti ohun tí ara kọ̀, ká ní kòkòrò inú eruku bẹ́ẹ̀dì tàbí ìgbẹ́ aáyán, àwọn ọmọ ogun ara ti ṣi nǹkan náà mú fún ọ̀tá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé rẹ̀, wọn ò jà. Wọ́n kàn dá a mọ̀ ni, wọ́n sì rọ ohun ìjà kan tó bá a mu. IgE lorúkọ ohun ìjà yìí. Tọkọtaya kan láti Japan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1966. IgE á lọ lẹ̀ mọ́ ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní mast cell, bí ìgbà tí ọdẹ dẹ pàkúté sílẹ̀ tó sì gba ilé lọ. Lọ́jọ́ tí eruku yẹn bá tún wọlé, pàkúté á ré. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mast cell á tú histamine àti àwọn èròjà mìíràn jáde, iṣan tó yí ẹ̀ka ọ̀nà èémí ká á fún un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa ṣàn, afẹ́fẹ́ á wá máa fi ipá gba ibi tóóró kọjá. Ìró tí ìyá ń gbọ́ lóru nìyẹn.

Èyí tí etí kò gbọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn á dé, àgàgà àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ eosinophil. Àwọn èròjà bíi IL-4, IL-5 àti IL-13 ni sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ pe èkejì. Wọ́n á ba ògiri ọ̀nà èémí jẹ́, á wú, á sì wà ní wíwú bẹ́ẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù tí a rò pé ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Nítorí èyí ni ínhélà fi jẹ́ oríṣi méjì. Salbutamol ń tú iṣan sílẹ̀ wéréwéré. Èkejì ní steroid nínú, irú budesonide tàbí beclometasone, òun ló ń pẹ̀tù sí wíwú náà, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láìsí ariwo. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa ò mọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, láti 2019 ni GINA, àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà lágbàáyé, ti ní kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́langba má ṣe gbára lé salbutamol nìkan mọ́.

Ibi wíwú yìí ni gíríìn tíì ti wọ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá da EGCG lé mast cell lórí nínú àwo ilé ìwádìí, kí pàkúté tó ré, histamine tó ń tú jáde máa ń dín kù. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ eku. Irú àwọn eku bẹ́ẹ̀ kì í dédé ní ásímà, nítorí náà wọ́n máa ń dá a sí wọn lára ni: wọ́n á gún eku ní abẹ́rẹ́ èròjà funfun ẹyin pọ̀ mọ́ ohun tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, wọ́n á fún un láyè, wọ́n á wá máa fẹ́ ìkùukùu èròjà kan náà sí i nímú lọ́jọ́ mélòó kan. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á wú, eosinophil á kún ibẹ̀. Àwọn eku tí wọ́n fún ní EGCG, tiwọn kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Eosinophil dín, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dín, àwọn èròjà ìránṣẹ́ náà dín. Kì í sì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀. Òótọ́ tó wà nídìí fídíò nìyẹn, n kò jẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n láti ara eku dé ara ọmọ ìyá ẹlẹ́ja, ìrìn wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo, inú EGCG ni wọ́n rì í sí. Àwa, ẹnu la fi ń mu tiwa. Ìfun kì í gbà á wọlé dáadáa, èyí tó bá sì wọlé, ara á ti yí púpọ̀ nínú rẹ̀ padà kó tó dé ibi tí à ń rán an. Bí èèyàn bá mu kọ́ọ̀bù kan tàbí méjì, ohun tí wọ́n sábà máa ń lò nínú àwo lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá títí dé ọgọ́rùn-ún èyí tó máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún. Iyọ̀ ni mo fi ṣàlàyé fún ìyá náà. Mo ní, "Mà, iyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹja jẹrà, àbí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Iyọ̀ tí ìka méjì mú, ṣé ó lè gba agbọ̀n ẹja kan là?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. Ó ní òun ti rí ẹni tó dán an wò, àti pé gbogbo ìsọ̀ ló gbóòórùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà wà níbẹ̀. Àwọn eku yẹn, wọ́n sábà máa ń fún wọn ní EGCG kí wọ́n tó fẹ́ funfun ẹyin sí wọn nímú. Olùṣọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí olè tó dé. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni tiwọn. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ti ń súfèé láti ọdún mẹ́fà, tí olè ti ń gbé inú ilé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Lára èèyàn ńkọ́? Japan la ti lè rí ohun tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbin igi kan tó ń jẹ́ sugi lọ rẹpẹtẹ sórí àwọn òkè wọn nítorí pákó. Igi dàgbà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ojú ń yún, imú ń ṣàn, àìmọye èèyàn ń sín káàkiri ìlú. Àwọn oníwádìí wọn wá rí irúgbìn tíì kan, Benifuuki, tí ewé rẹ̀ ní oríṣi EGCG kan tó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ti gbogbogbòò lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009, àwọn tó ti ń mu Benifuuki ṣáájú àsìkò lẹ́búlẹ́bú, imú wọn kò yọ wọ́n lẹ́nu tó ti àwọn tó dúró dìgbà tí imú ti ń ṣàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn. Àmọ́ imú ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó kópa sì mọ ohun tí wọ́n ń mu, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ̀ pé òun ń lo oògùn a máa tètè sọ pé ara òun ti ń yá. Yabukita, irúgbìn tó gba oko tíì Japan kan pàápàá, kò ní oríṣi EGCG yẹn nínú, áńbọ̀sìbọ́sí páálí tó wà lórí káńtà mi.

Japan kan náà ni mo ti rí apá tó ya ìyá náà lẹ́nu jù. Àwọn èèyàn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gíríìn tíì ló kó ásímà bá wọn. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tíì ni wọ́n, eruku ewé gbígbẹ ni wọ́n ń fà símú lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn dókítà wá ohun tó wà nínú eruku náà tí ara wọn kọ̀, wọ́n wá a títí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994: EGCG ni. Ohun kan náà tó ń pẹ̀tù sí ẹ̀dọ̀fóró eku ló ń fún àwọn wọ̀nyí lọ́rùn. "Haà," ni ìyá náà wí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára páálí bí ẹni pé ó jó o. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń mu ún nínú kọ́ọ̀bù. Ó ṣọ̀wọ́n, ọ̀nà imú ló gbà wọlé, lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́. Mo kàn fẹ́ kó gbọ́ ọ nítorí gbólóhùn kan tó wà nínú fídíò yẹn: "Ewé ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan."

Kò tíì gbà tán. "Dókítà, mo fún un mu lálẹ́ àná o, àyà rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ EGCG kọ́ ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíìnì wà nínú tíì, òun kan náà tó wà nínú obì tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun. Káfíìnì máa ń tú iṣan ọ̀nà èémí sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti kó ìwádìí méje lórí èyí jọ, èèyàn 75 ni gbogbo àwọn tó kópa nínú wọn, wọ́n sì rí i pé èémí àwọn tó ní ásímà ń já gaara sí i fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá lo káfíìnì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn mu kọfí tàbí tíì kó tó lọ fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èémí wò ní ọsibítù, kó má baà dà bí ẹni pé ó ti sàn. Káfíìnì tún ní ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ theophylline. Inú ewé tíì ni Albrecht Kossel, ọmọ Jámánì, ti kọ́kọ́ rí i ní 1888, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe aminophylline tí àwọn àgbà tó ní ásímà mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú kọ́ọ̀bù kéré débi pé kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn. Ẹni tó bá sì ń lo aminophylline lọ́wọ́, kó má máa mu tíì tàbí kọfí lámujù, torí iṣẹ́ káfíìnì á kún tirẹ̀; ọkàn á máa sáré, inú á máa ru. Káfíìnì tàbí theophylline, méjèèjì, iṣan ni wọ́n ń tú. Wíwú tó wà lára ògiri ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bá mu káfíìnì lálẹ́, a kàn ń bá oorun rẹ̀ jà ni.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ ohùn sókè lé lórí. Ọkùnrin inú fídíò ń ta kápúsù tí wọ́n fún ohun inú gíríìn tíì sí, èyí tí kápúsù kan lè jẹ́ kọ́ọ̀bù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2018, wọ́n rí i pé bí EGCG inú kápúsù bá ti tó 800 mílígíráàmù lóòjọ́, àmì pé ẹ̀dọ̀ ń fara pa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ní 2022, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀bù tíì kì í dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbogbòò. Kápúsù ni kí ẹ sá fún, pàápàá fún ọmọdé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè. Mo ní kí ọmọ náà, tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá, fi hàn mí bó ṣe ń lo ínhélà rẹ̀. Ó yọ ọ́ lápò, kò mì í, ó la ẹnu gbàrà, ó fín in sórí ahọ́n, ó sì gbé e mì. Mo wo ìyá rẹ̀, òun náà wò mí. Bó ti ń ṣe é láti ọdún kẹta nìyẹn. Inú ikùn ni oògùn náà ń lọ. Abájọ tí tíì fi jọ pé ó ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Mo fọ ìgò omi oníke kan, èyí tó gba ìdajì lítà. Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀, bí ẹnu ínhélà ṣe tóbi gẹ́lẹ́, mo ki ínhélà bọ̀ ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà jò. Àwọn dókítà ní Cape Town ti dán irú ìgò báyìí wò lára àwọn ọmọ tí ásímà ń dà láàmú, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999, ó sì ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Mo ní kí ọmọ náà fi ètè bo ẹnu ìgò. Mo mi ínhélà, mo fín in lẹ́ẹ̀kan, inú ìgò funfun bí ìkùukùu ọyẹ́. Mo ní kó máa mí sínú, kó máa mí síta, jẹ́jẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, inú ìgò ti mọ́ kedere. Mo kọ ìwé kékeré kan fún ìyá rẹ̀ kó mú un tọ dókítà àwọn ọmọdé lọ, nípa ínhélà kejì, èyí tó ń pẹ̀tù sí wíwú.

"Tíì yìí ńkọ́?" ni ìyá náà bi mí, ó ti kó ẹrù rẹ̀. "Kí n jù ú nù?"

Mo ní, "Ẹ mu ún, Mà, ẹ̀yin fúnra yín, bí ó bá dùn mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ kàn má fi gbé oògùn yín tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, èyí tó ní irin nínú, mì, torí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì síra."

Ó ní kò tilẹ̀ dùn, pé ó dà bí omi ewúro tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ wa. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìgò náà sẹ́nu, ó ń fọn ọ́n bíi kàkàkí.